Láti Orí Àtẹ Jankara Dé Yàrá Àyẹ̀wò: Ta Ni Yóò Parí Iṣẹ́ Oògùn Fòníkú-Fọ̀ladìde?

Ẹni tó bá mọ erékùṣù Èkó dáadáa, ó ti gbọ́ orúkọ ọjà Jankara. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òkìkí ọjà náà ti kàn nídìí ewé àti egbò. Ìyèré lẹ fẹ́ ni o, kànáfùrù ni o, igi osùn ni o, poroporo ọkà bàbà ni o, orin ata tí wọ́n dì ní ìdì-ìdì ni o, Jankara ni wọ́n máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Kí èèyàn tó dé ìdí àtẹ gan-an, òórùn wọn á ti pàdé ẹ̀ lọ́nà.

Bí ìyá ọlọ́mọ kan bá gbé ọmọ dé ìdí irú àtẹ bẹ́ẹ̀, tí ẹyinjú ọmọ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, tó ń ké pé eegun ń ro òun, ìyá eléwé ọmọ ò ní í béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹ̀. Yóò wo ọmọ lójú, yóò mi orí.

"Ìyàwó, jókòó ná. Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí, Màmá. Bó bá ṣe é tó lọ, tó bá tún yá, á padà wá."

"Fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn o."

Bí Màmá bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ parí. Yóò na ọwọ́ sí orin ata, yóò ṣa díẹ̀ nínú èyí, yóò bu díẹ̀ nínú tọ̀hún, yóò wé e sínú bébà, yóò sì dá owó lé e.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n máa ń fi irú nǹkan báyìí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn o. Ó ti lé ní 50 ọdún báyìí tí àwọn kan lára wọn ti ko orin ata wọ yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì, tí wọ́n sì fi wá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn náà wò. Lẹ́yìn wọn ni àwọn míì ko òtílí wọlé, tí àwọn kan tún ko ìyèré àti osùn. Nǹkan tí wọ́n rí kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì tíì parí dòní. Ibi tó há sí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé mọ̀, kí ẹni tó sì ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́ náà mọ̀.

Kí òyìnbó tó fún àrùn yìí lórúkọ ni Yorùbá ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde torí pé ẹni tó ń ṣe lè dà bí ẹni tí ò ní í mọ́júmọ́, kó sì dìde lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ilé tí ọmọ bá sì ti ń kú léraléra, wọ́n á ní àbíkú ló wà níbẹ̀. Orúkọ ni wọ́n fi máa ń bẹ ọmọ kó tó lè dúró: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ẹ mọ orúkọ tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, torí Ọba Kòsọ́kọ́ ló wà lórí oyè nílùú yìí láti ọdún 1845 sí 1851. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́lẹ̀ bí ọmọ bá tún kú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pè ní àbíkú ló jẹ́ àrùn ẹ̀jẹ̀ o. Ibà pa ọmọ, ìgbóná pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ gbà pé àrùn ẹ̀jẹ̀ yìí wà lára ohun tó sọ ọ̀pọ̀ ilé dahoro.

Ọdún 1910 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ ìwé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Nígbà tí wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin náà, àwọn hóró pupa tó yẹ kó rí roboto bí àkàrà tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ láàárín ló ti tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Ibẹ̀ ni orúkọ tí òyìnbó ń pè é, sickle cell, ti wá. Dòjé náà ni wọ́n ń pè ní sickle.

Lọ́dún 1949, Linus Pauling àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé inú èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hemoglobin, ni àléébù náà wà. Kò ju bí ọdún méje sí mẹ́jọ lọ tí Vernon Ingram, tó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge nílùú òyìnbó, fi tọ́ka sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ẹ fi wé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Okùn kan wà nínú èròjà náà tó ní ìlẹ̀kẹ̀ 146. Ẹyọ kan ṣoṣo, ẹyọ kẹfà, ni wọ́n yọ tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Ẹyọ kan péré nínú 146! Òun náà ló ń mú kí ọmọ ké mọ́jú.

Bí ọ́síjìn bá ti dín kù lára, àwọn èròjà tó ní àléébù yìí á so mọ́ra wọn, wọ́n á gùn bí ọ̀pá, hóró ẹ̀jẹ̀ á sì tẹ̀. Hóró tó bá ti tẹ̀ kì í lè gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó máa ń dí ọ̀nà ni, bíi dáńfó tó kú sórí bíríìjì Carter lásìkò tí gbogbo èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti rí ọ̀nà dé, ibẹ̀ ni ìrora á ti bẹ̀rẹ̀. Hóró ẹ̀jẹ̀ tó dáa máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í ju bí ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi ń tán, tí ojú wọn sì ń pọ́n.

Ẹ̀kọ́ tó ń tú àṣírí irú nǹkan wọ̀nyí, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, ni wọ́n ń pè ní báyókẹ́mísìrì. Ibi tí orin ata ti bá a pàdé nìyí.

Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n sọ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1987, àwọn oníwádìí kan ń yẹ oríṣiríṣi orin tí Yorùbá fi ń rin ẹnu wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ń pa kòkòrò inú ẹnu. Inú àwo tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oúnjẹ kòkòrò ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà. Bí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ nínú àwo, àwọ̀ ẹ̀ máa ń yí padà. Àmọ́ èyí tí omi orin ata wà nínú ẹ̀, pupa ló wà. Ẹlòmíì ì bá fọ àwo ẹ̀ kó máa bá tiẹ̀ lọ. Wọn ò fọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí orin ata bá lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ inú àwo báyìí, kí ló máa ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS?

Abáyọ̀mí Ṣófowórà, ọ̀gá nídìí ìmọ̀ ewé àti egbò tó ń di oògùn, àti W. A. Isaacs-Sodeye, tí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tiẹ̀, ni wọ́n jọ fi ọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò le yé èèyàn. Wọ́n á fi kẹ́míkà kan fa ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, àwọn hóró á tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n á wá da omi egbò sí i, wọ́n á gbójú lé awò, wọ́n á máa ka iye tó ti padà di roboto. Ọdún 1971 ni àwọn méjèèjì gbé e jáde fáráyé pé omi egbò orin ata ń mú hóró tó ti tẹ̀ padà sípò.

Wọn ò dúró síbẹ̀. Lọ́dún 1975, àwọn méjèèjì àti Ògúnkọ̀yà kéde pé àwọn ti yọ èròjà kan nínú egbò náà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdún yẹn kan náà ni Isaacs-Sodeye, Ṣófowórà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wò ó bóyá májèlé wà nínú egbò náà, tí wọ́n sì fún àwọn aláìsàn kan lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn oníwádìí Amẹ́ríkà pàápàá gbé orin ata sí abẹ́ awò tiwọn lọ́dún náà. Ẹ ẹ̀ rí i pé orin tí baba àgbà ń rún lẹ́nu lórí bẹ́ǹṣì ní Ìta Fájì ti rìn jìnnà!

Èèyàn á rò pé kí ọdún mẹ́wàá tó pé, oògùn á ti wà nínú ìgò ní gbogbo ilé ìwòsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Burkina Faso ni wọ́n wá ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní FACA. Ohun tó sì wà nínú ẹ̀ ni egbò orin ata àti bomubómu. Aládùúgbò ti se ọbẹ̀ náà tán, àwa tó ni ewébẹ̀ lẹ́yìnkùlé ṣì ń wá ìkòkò.

Iṣẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Port Harcourt. Godwin Ekeke, tó jẹ́ onímọ̀ báyókẹ́mísìrì, àti F. O. Shode ni wọ́n mú òtílí, ẹ̀wà tí àwọn àgbà máa ń sè jẹ lóko, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Lọ́dún 1985, wọ́n sọ pé omi òtílí náà ń mú hóró tó tẹ̀ padà. Lọ́dún 1990, wọ́n dárúkọ èròjà tó pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà, ìyẹn phenylalanine, tí kò ṣàjèèjì sínú oúnjẹ rárá. Iṣẹ́ tiwọn rí ìyàwó fẹ́, torí iléeṣẹ́ Neimeth gbé e, ó di oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní Ciklavit. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ló wá dán an wò lára èèyàn 100. Ọdún 2005 ni àbájáde ẹ̀ jáde. Ó jọ pé ó ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n kò yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń tán lára.

Iṣẹ́ kẹta ló dùn jù, òun náà ló sì dun èèyàn jù. Ojísẹ́ Ọlọ́run kan, Rẹ́fúrẹ́ńdì Ògúnyalé, ní àgbo kan tó fi ń tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde. Dípò kó fi àṣírí ẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ, bí ọ̀pọ̀ àgbà ṣe máa ń ṣe, ó gbé e fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí oògùn ní Àbújá, tí wọ́n ń pè ní NIPRD. Wọ́n sì jọ ní àdéhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ni ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú àgbo náà: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ẹ padà lọ wo àtẹ Màmá ní Jankara. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀!

Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún àwọn kan ní ojúlówó, wọ́n fún àwọn kan ní èyí tí kò ní nǹkan nínú, wọ́n sì tún pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn láàárín kan, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń mu. Ọdún 2001 ni wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde: ìrora ńlá dín kù. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia, ọmọ Nàìjíríà kan, Iyamu, àti Asakura, tó jẹ́ ọmọ Japan, gbé e wọ yàrá àyẹ̀wò tiwọn. Lọ́dún 2002, wọ́n ní ó ń dí hóró ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ̀. Lọ́dún 2003, wọ́n ní ó mú kí àwọn eku tí wọ́n fún ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí pẹ́ láyé sí i nígbà tí ọ́síjìn kò tó.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó dé. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti máa ṣe oògùn náà. Wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí Nicosan. Nígbà tó fi máa di 2006, ó ti jáde ní Nàìjíríà tìlù-tìfọn. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ń sùn sí wọ́ọ̀dù láti kékeré rò pé oòrùn ti là. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Lóṣù kọkànlá 2008, Xechem ko gbèsè dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ó ní òun ò lè san án mọ́. Oògùn di ohun àwátì. Àwọn tó ti ń lò ó wá a, wọ́n wá a tì. Kì í ṣe pé oògùn ò ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kó wọlẹ̀ o. Olówó tó gbé e lówó ẹ̀ tán. Ṣé irú nǹkan báyìí ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo lókè òkun, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni ewé ti wá, ilẹ̀ wa ni àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn wà?

Àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí sáyé pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè kó gbogbo ìdánwò tó kún ojú òṣùwọ̀n lórí oògùn ewé fún àrùn yìí jọ, méjì péré ni wọ́n rí: ti Niprisan àti ti Ciklavit. Èèyàn 182 ni àpapọ̀ àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn. Wọ́n ní ó ń fúnni nírètí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì kù.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ka èyí tán kó sáré lọ ra orin ata kó sì gbé ìgò oògùn ọmọ ẹ̀ jù sígbó. Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ifẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì wò ó bóyá ó ń pani lára. Èyí tí Màmá ń fi ọwọ́ bù, òun fúnra ẹ̀ ò lè sọ bó ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ọmọ kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ta tẹ́tẹ́. Nínú gbogbo àwọn oníwádìí yìí, kò sí ìkankan tó ní kí aláìsàn má lọ sílé ìwòsàn mọ́. Oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, oògùn tí ń lé ibà sẹ́yìn, omi púpọ̀ lẹ́nu, hydroxyurea bí dókítà bá kọ ọ́, àwọn yẹn ni òpómúléró. Òyìnbó pàápàá ń ṣìnà. Oògùn Oxbryta tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, àwọn tó ni ín ló fọwọ́ ara wọn kó o kúrò lọ́jà lágbàáyé lóṣù kẹsàn-án 2024, torí ewu tí wọ́n rí nínú ẹ̀. Ní ti ìtọ́jú tuntun tí wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe sí jíìnì inú ara, Casgevy, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lóṣù kejìlá 2023, owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là fún ẹnì kan. Ta ló fẹ́ rí irú owó yẹn ní Ìdúmọ̀tà?

Èyí tí owó ẹ̀ kò wọ́n ni kéèyàn mọ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ kó tó fẹ́ra. Bí AS bá fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní ló ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti di SS. Kì í ṣe pé bí wọ́n bá ti bí ọ̀kan tó jẹ́ SS, mẹ́ta yòókù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ míì tún wà tó kan Yorùbá gan-an, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ AC. Lọ́dún 1959, Lehmann àti Nwokolo kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ C yìí wọ́pọ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn odò Ọya, àmọ́ tèèyàn bá ti kọjá odò náà sápá ìlà oòrùn, ó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀dọ̀ wa ló fìdí kalẹ̀ sí. AC tó bá fẹ́ AS lè bí SC, fòníkú-fọ̀ladìde náà sì ni.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á ti pín aṣọ ẹbí tán, wọ́n á ti san owó gbọ̀ngàn, wọ́n á ti bá àwọn onífújì sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan tó rántí pé àwọn ò tíì ṣe àyẹ̀wò. Bí ìwé bá dé tí kò dára, ojú aṣọ ẹbí ni wọ́n á máa wò. Àwọn mìíràn á ní kí àwọn lọ sí ibòmíì títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa kọ ohun tó wù wọ́n. Kí wọ́n tún un ṣe níbòmíì dáa o, torí àṣìṣe wà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ra ìwé AA fún ẹ̀jẹ̀. Bébà ló gba owó. Ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n ti san nǹkan kan.

Gbogbo èyí tún gbé ọ̀rọ̀ padà sídìí àtẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ifẹ̀ ò fi orin ata rẹ́rìn-ín, wọ́n bi í ní ìbéèrè. Ìjọba àti àwọn olówó wa ló kù tí wọn ò tíì dúró gbọ́ ìdáhùn ẹ̀ tán. Kí wọ́n tó dé, ìyá ọlọ́mọ á ṣì máa gbé ọmọ wá, Màmá á ṣì máa wo ojú ọmọ. Àmọ́ kí Màmá tó na ọwọ́ sí orin ata, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ bi í, kò sì ní í ba ọjà ẹ̀ jẹ́:

"Ìyàwó, ọmọ yìí, ilé ìwòsàn wo lẹ ti ń bọ̀?"